Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó gé owó wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta káàdì fóònù, mo sì ń ṣe POS, lẹ́bàá ọjà Olúwo níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn oníbàárà mi ló sọ mí ní Ìyá Káàdì, àwọn ọmọ àdúgbò ò sì mọ̀ pé mo lórúkọ mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù àti àwọn oníáàpù ń gé lọ́wọ́ èèyàn lóṣooṣù, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn lójoojúmọ́, fún ohun tí onítọ̀hún gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tí kò tilẹ̀ gbà rí. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó tún gé e, kí ẹni tí kò bá sì fèsì jẹ́ ẹni tí kò gbà.

Ẹ lè ní kí ló kan ẹni tó ń ta káàdì nínú ìyẹn. Ó kàn mí gan-an ni, nítorí èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè lólè. Ìyá kan tó ń ta òbòkún àti àrọ̀ yóò rán ọmọ sí mi pẹ̀lú ₦200, n ó fi káàdì ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà rẹ̀, ọmọ á sì lọ. Kò ní pẹ́ tí Ìyá fúnra rẹ̀ á fi dé, á na fóònù sí mi lójú. "Ìyá Káàdì, ₦200 ni mo fún ọ, ₦150 ni mo bá lórí fóònù. Ṣé bí o ṣe ń ṣe é nìyí?" Gbogbo àwọn tó ń dúró de owó POS á ti yíjú sí mi. N ó ṣí fóònù tèmi, n ó fi hàn wọ́n pé ₦200 ló jáde, kò dín kọ́bọ̀. Ẹlòmíràn á gbà. Ẹlòmíràn á ní èmi àti ilé-iṣẹ́ náà la jọ ń pín in. Ilé-iṣẹ́ tó gé owó ò sí ní Olúwo, èmi ni mo wà ní Olúwo. Àwọn kan wà tí wọn ò ra nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́ títí dòní, nítorí owó tí mi ò fojú kàn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, ṣé ẹ yá káàdì? Torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yá káàdì lóru tí wọ́n á gbàgbé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá jẹ́ gbèsè ni, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, ẹni tó yá nǹkan ní láti san án. Bí wọ́n bá ní àwọn ò yá, n ó gba fóònù lọ́wọ́ wọn, n ó wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀kan á ní wọ́n ti tún orin tó máa ń dún létí ẹni tó bá pè é san fún oṣù mìíràn. Òmíràn, àdúrà òòjọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Òmíràn, ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àti oṣù tí wọ́n bí i. Mo ti rí Alhájà àgbàlagbà kan, tí kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí orí, tó ń sanwó ìròyìn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo ni Alhájà ṣe débẹ̀? Fóònù oníbọ́tìnì kékeré ló ń lò. Àpótí kan á ṣàdédé yọ lójú fóònù náà, Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, OK ló wà nísàlẹ̀. Alhájà fẹ́ pe ẹni tó ń kó ẹja bọ̀ láti orí ọ̀sà, àpótí yẹn ló dí i lọ́nà, ó tẹ OK kó lè kúrò níwájú òun. Ó ti wọlé nìyẹn. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pè é, obìnrin kan tó gbọ́ Yorùbá dé ìsàlẹ̀ á máa ṣàlàyé bí orin náà ti dùn tó, pé kó ṣáà tẹ 1. Ẹ kíyè sí èyí o. Yorùbá ni wọ́n fi ń tà á. Ìgbà tí wọ́n bá gé owó tán ni wọ́n ń bá wa sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó tún mú kí ẹjọ́ náà máa já lé mi lórí ni pé, bí kò bá sí owó lórí fóònù, nǹkan náà kì í kú. Ó wà níbẹ̀, ó ń retí. Ọjọ́ tí káàdì bá wọlé ni yóò mú tirẹ̀, kí ẹni tó ra káàdì tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó rí i pé owó dín ní ìṣẹ́jú tí mo fi ránṣẹ́, kí ni kò ní fi rò pé èmi ni?

Bí ẹlẹ́ja bá ta òbòkún fún yín lónìí, tó wá ń já wọ ilé yín ní gbogbo ìparí oṣù, tó ń ju ẹja mìíràn sínú ìkòkò yín, tó ń ki ọwọ́ bọ àpò yín, tó ní ẹ ò ṣáà sọ pé òun ò gbọdọ̀ wá mọ́, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ni yóò gbọ́ igbe yín. Ti fóònù ni a wá ń pè ní ètò. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n ń kìlọ̀ fún, wọn ò fún ẹlòmíràn láṣẹ pé kó máa kó o lẹ́rù lọ.

Kí n tó lọ síwájú, kí ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí mú bírò. Àjọ NCC, tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ti sọ àwọn nọ́ńbà kan di ọ̀kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ọdún 2023. 300 ni ẹ ó fi bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀, 310 ni ẹ ó fi wo iye tó kù lórí fóònù, 303 ni ti yíyá káàdì, 305 sì ni ti dídá iṣẹ́ tí ẹ ò fẹ́ dúró. 2442 ti wà kí wọ́n tó ṣe ìyẹn: ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí i, ìpolówó á dẹ́kun. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ kọ HELP, wọ́n á ní kí ẹ yàn. Ẹ má da 305 àti 2442 pọ̀ o. 2442 ń tilẹ̀kùn mọ́ ìpolówó tí ò tíì dé ni. Èyí tó ti wọlé tó ti jókòó, 305 ni kí ẹ fi lé e jáde.

Mo ń bá àwọn oníbàárà mi ṣe é, mi ò sì gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rí. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni Alhájà fi wọlé. Nígbà tí a bá fẹ́ jáde, wọ́n á ní ká yan 1, ká yan 4, ká padà sẹ́yìn, ká kọ orúkọ ohun tí a fẹ́ dá dúró, tí a ò sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, lẹ́yìn náà wọ́n á ní nǹkan ò lọ déédéé, ká tún gbìyànjú tó bá yá. Gbogbo ìgbà yẹn, àwọn tó fẹ́ gbowó POS wà lórí ìlà, wọ́n ń kùn. Ẹni tó lè kọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé tó ń ṣí fúnra rẹ̀, kò lè sọ fún mi pé ọgbọ́n òun ò gbé ilẹ̀kùn àbájáde.

Wọ́n á ní ká fẹjọ́ sùn. Ọ̀nà rẹ̀ wà, mi ò ní purọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́ lórí 300, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe 622 ti NCC, ìpè yẹn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á bi yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tirẹ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, LASCOPA, ní Ìkejà. Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. ₦50 ni wọ́n gé. Ẹni tó bá ti Ẹ̀pẹ́ wọkọ̀ lọ Ìkejà nítorí rẹ̀ á ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lọ sí bọ̀, ọjà ọjọ́ yẹn ti lọ, ẹja tí kò tà ń bàjẹ́. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀? Wọ́n mọ̀ pé kò sí. Ìlà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lé ní 150 mílíọ̀nù. Ká ní ẹyọ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gé ₦50 lórí rẹ̀ láìtọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, ₦75 mílíọ̀nù nìyẹn. Mi ò sọ pé iye tí wọ́n ń gé nìyẹn o. Mo kàn ń fi hàn yín bí owó tí ẹnikẹ́ni ò ní tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ ṣe ń di owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o jọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ẹ̀ka LASU tó wà níhìn-ín ló tẹ òfin ìdáàbòbò oníbàárà jáde fún mi, ó ní kí n yé pariwo láìmú ìwé dání. Òfin ọdún 2018 ni, Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, òun ló sì dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀. Abala 114 ni mo fara tì jù. Ó ní ohun tí wọ́n bá kọ fún oníbàárà gbọ́dọ̀ wà ní èdè tó rọrùn tó sì yéni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ro ti irú èèyàn tí wọ́n ń kọ ọ́ fún, ẹni tó mọ̀wé níwọ̀nba, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìrírí nínú nǹkan náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Irú èèyàn wo ni wọ́n ń ta orin fún ní Olúwo? Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ni, àwọn tó ń pẹja ni, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò ni. Bí òfin bá ní kó yé wọn, a jẹ́ pé Yorùbá ló yẹ kó jẹ́. Òfin kan náà sì lòdì sí àdéhùn tó bá ni oníbàárà lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé àjọ yẹn ò léyín. Lọ́dún 2024 ni wọ́n bu owó ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta, àwọn tó ni WhatsApp, lórí bí wọ́n ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Meta gbé wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì ti àjọ náà lẹ́yìn ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ẹni tó lè bá Meta wọ̀yá ìjà ò gbọdọ̀ sọ pé ₦50 Alhájà kéré lójú òun.

Ti àwọn tó ń lo fóònù ńlá tún yàtọ̀, nítorí inú báńkì ni owó tiwọn ti ń jáde. Ọmọbìnrin aránṣọ kan tó máa ń gbowó lọ́dọ̀ mi gba áàpù kan tó ń tún àwòrán ṣe, kó lè máa fi aṣọ tó bá rán hàn. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kó kọ nọ́ńbà káàdì ATM rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń fúnni ní ọ̀fẹ́, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà káàdì ṣe? Áàpù náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pa á rẹ́ lórí fóònù. Ọjọ́ pé, owó jáde. Dọ́là ni wọ́n fi dá iye rẹ̀, nítorí náà iye náírà tó jáde ní oṣù kan yàtọ̀ sí ti oṣù kejì. Báńkì ní kó lọ bá ẹni tó gé e. Ẹni tó gé e ò ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè, fọ́ọ̀mù lásán ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, ṣe ló ní kí báńkì ti káàdì náà pa, ó sì sanwó gba òmíràn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé pípa áàpù rẹ́ ò dá ìsanwó dúró. Bó bá jẹ́ Play Store lẹ ti gbà á, ẹ wọ inú Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ wá Payments & subscriptions, Subscriptions wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti fagi lé e. Lórí iPhone, inú Settings ni, lábẹ́ orúkọ yín. Bó bá sì jẹ́ pé ojúlé ilé-iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti sanwó, ẹ ò ní rí i níbì kankan nínú ibi méjèèjì yìí, ọ̀dọ̀ wọn lẹ ó padà sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ gba fóònù àwọn òbí yín lálẹ́ òní kí ẹ wò ó.

Ohun tí mò ń béèrè fún kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ò ṣe rí. Ní Íńdíà, báńkì àpapọ̀ wọn ti pa á láṣẹ láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 pé bí owó irú èyí bá fẹ́ jáde lórí káàdì èèyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un ní wákàtí 24 ṣáájú, kó sì lè sọ pé rárá. Ní Jámánì, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2022, ẹni tó bá ń ta irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi bọ́tìnì ìjáde síbẹ̀ gbangba. Amẹ́ríkà ló jọ mí lójú jù. Àjọ FTC, tó ń gbèjà oníbàárà lọ́dọ̀ tiwọn, ṣe ìlànà kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 pé ìjáde gbọ́dọ̀ rọrùn bí ìwọlé, ilé-ẹjọ́ sì wọ́gi lé e ní oṣù keje 2025 nítorí pé àjọ náà ò tẹ̀ lé gbogbo ìgbésẹ̀ tó yẹ. Èèyàn á rò pé ó tán. Àmọ́ wọ́n ní òfin àtijọ́ kan láti ọdún 2010, òun ni wọ́n fi mú Amazon, ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí Prime, ètò rẹ̀ tí èèyàn ń sanwó fún léraléra, pé wọ́n ń fọgbọ́n mú èèyàn wọlé, wọ́n sì ń mú kí ìjáde le. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni Amazon gbà láti san $2.5 bílíọ̀nù, $1.5 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà fún àwọn oníbàárà. Ìyẹn ni mo ní kí àwọn tiwa kọ́. Òfin tí a ní ti tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ká má jókòó de òmíràn.

Mi ò ní kí wọ́n fòpin sí ìsanwó tó ń tún ara rẹ̀ ṣe pátápátá. Obìnrin kan wà lọ́jà wa tó ń gba ìbéèrè ẹja lórí WhatsApp láti ọ̀nà Lẹ́kí. Dátà rẹ̀ ò gbọdọ̀ já, bó bá sì tètè tún un san, èyí tó kù tẹ́lẹ̀ á wọnú tuntun. Ó mọ iye tó ń san, ó mọ ọjọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa gé e. Inú rẹ̀ dùn sí i, inú tèmi náà dùn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa gé e láìbéèrè, kó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Àwa yòókù, kí wọ́n bi wá.

Kí wọ́n sì bi wá ní Yorùbá, kó má jẹ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí kì í kàwé. Bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n láti ta orin ni kí wọ́n ṣe pè wọ́n nígbà tí oṣù bá pé: iye tí a fẹ́ gé nìyí, ohun tí a fẹ́ gé e fún nìyí, bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ tẹ 1. Bí kò bá tẹ nǹkan kan, kó parí síbẹ̀. Owó tí wọ́n bá gé láìtọ́, orí fóònù kan náà ni kí wọ́n dá a padà sí, kò gbọdọ̀ dìgbà tí Alhájà bá mọ̀ ọ́n kọ. NCC àti FCCPC ni mo ń sọ èyí fún. Ẹ̀yin Olóòtú náà, bí àyè bá wà, ẹ bá wa máa tẹ 305, 2442 àti 622 sí igun kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. N ó gé e lẹ̀ mọ́ ara agboòrùn mi.

Mo mọ ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà máa sọ. Wọ́n á ní ìpè bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù á náni lówó jù. Ìpè tí wọ́n fi ń ta orin náà fún wa, ta ló ń sanwó rẹ̀?

Èmi ni tiyín,
Ìyá Káàdì,
Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́.